Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Ijó Wa

Idelisa kì í fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ijó casino ní salsa. Bí o bá ń wá ìjà rẹ̀ láàárọ̀, kó tó mu kọfí, ọ̀rọ̀ tí wàá sọ nìyẹn.

"Salsa?" á ní. "Ọbẹ̀ tòmátì ni salsa. Èmi ò tíì rí ẹni tó ń jó ọbẹ̀."

Àwa tá a jọ dàgbà ní àdúgbò Cerro, nílùú Havana, a máa ń rẹ́rìn-ín ni, torí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ilé ìgbafẹ́ kan wà létí òkun láyé ijọ́un tó ń jẹ́ Casino. Ibẹ̀ làwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń jó ijó náà, orúkọ ilé sì di orúkọ ijó. Ọkùnrin á di obìnrin lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa rìn yí ara wọn ká, bí àwọn méjì tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọn ò fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ìyẹn náà ni. Kò sí fífò, kò sí pé à ń gbé obìnrin jù sókè.

Èmi Evelio ni mo ń bá Idelisa jó látìgbà tí ọkọ rẹ̀, Remberto, ti kú. Mekáníìkì bọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Remberto ló bẹ̀ mí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ní, "Evelio, má jẹ́ kó jókòó o. Bó bá fi lè jókòó, ó parí nìyẹn." Ijó nìkan ló wà láàárín wa. Mo gbìyànjú ohun mìíràn lẹ́ẹ̀kan nínú kíṣìnnì rẹ̀, ó sì fi ṣíbí gbígbóná nà mí lọ́wọ́.

Yusniel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ṣí ilé ẹ̀kọ́ ijó fáwọn òyìnbó ní àdúgbò Vedado, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé àna rẹ̀. Ó wá bẹ àǹtí rẹ̀ kó wá máa kọ́ wọn, kémi náà sì máa tẹ̀ lé e. Inú Idelisa dùn débi pé ó lọ ṣe irun. Ṣùgbọ́n nígbà tá a débẹ̀, pátákó ńlá kan la bá lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ SALSA CUBANA gàdàgbà sí i.

"Yusniel, kí lèyí?"

"Orúkọ ijó ni, Àǹtí."

"Ijó ta ni?"

"Ijó yín náà ni. Àǹtí, ẹ gbọ́, àwọn òyìnbó ò mọ casino. Tí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́n á rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ni."

"Kí wọ́n máa bọ̀ wá ta á. Wọ́n á bá mi níbẹ̀, màá sì ṣàlàyé fún wọn."

Yusniel wò mí pé kí n gba òun sílẹ̀. Mo ń wo ògiri ní tèmi.

Idelisa ṣàlàyé fún wọn lóòótọ́. Obìnrin ará Jámánì kan wà láàárín àwọn tó kọ́kọ́ dé, Heike lorúkọ rẹ̀, tíṣà ijó lòun náà nílùú rẹ̀. Èmi àti Idelisa jó kí wọ́n lè rí i. A ò tíì mí délẹ̀ tí Heike fi nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé son lẹ jó yẹn?"

"Casino ni."

"Rárá mà. Casino lèyí tí wọ́n máa ń ṣe róbótó, tí ẹnì kan á máa pariwo ohun tí gbogbo wọn máa ṣe."

"Rueda nìyẹn. Casino náà ni wọ́n ń jó nínú rẹ̀, wọ́n kàn ṣe róbótó ni. Son ni ìyá casino. Ó máa ń dúró de ìlù díẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Evelio, wá ká jó son, kí wọ́n rí i."

A jó o. Heike rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó ń fi sùúrù bá arúgbó lò.

"Ó dáa mà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ọmọ Cuba ló sì kọ́ wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Idelisa lára jù. Gbogbo ẹni tó ń dé ló ń kó orúkọ tiẹ̀ bọ̀ láti ilé. Ọ̀kan á ní bó bá falẹ̀, son ni. Bó bá yá, casino ni. Béèyàn bá gbọn àyà, ìgbà yẹn ló di salsa cubana. Òmíràn gbọ́ tá à ń fi rumba, ijó tó ti wà kí salsa tó dé, ṣeré, ó ní ẹ̀ka salsa ni rumba. Idelisa á dá ijó dúró, á ní kí wọ́n jókòó, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á máa wo aago. Wọ́n lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Yusniel pé ìyá yìí ń jà ju bó ṣe ń jó lọ.

"Àǹtí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," Yusniel ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní ohun tó wù wọ́n. Ṣé ẹsẹ̀ yín á rọ torí ìyẹn ni?"

"Tí wọ́n bá ń pè ọ́ ní Heike, wàá jẹ́ ẹ?"

"Tí wọ́n bá ń sanwó fún mi, màá jẹ́ ẹ, màá tún jó sí i."

Mo rẹ́rìn-ín. Idelisa ṣáájú mi rìn títí a fi délé.

Òun ló gbọ́ nípa ìdíje ijó kan. Àwọn àjèjì àtàwọn ará ilé kan ló pawọ́ pọ̀ ṣe é nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí òkun, ọ̀wọ́ kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní casino gan-an. "Ṣó o rí i?" ó ní. "Àwọn kan ṣì mọ̀ ọ́n." Ó rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi. Lójoojúmọ́ la fi ń jó nínú pálọ̀ rẹ̀, tí a bá ti ti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, débi pé àwọn ará ìsàlẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ gún àjà fún wa.

Nígbà tá a débẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wo ẹ̀yìn wa.

"Àwọn yòókù ńkọ́, Màmá?"

"Àwọn yòókù wo?"

"Ẹ̀yin méjì péré ò lè jó casino. Àwọn tó bá pọ̀ tó láti ṣe róbótó ló wà fún. Méjì-méjì, salsa cubana nìyẹn. Ṣé kí n gbé yín síbẹ̀?"

Mo rò pé Idelisa máa pariwo. Kò pariwo. Ó di àpamọ́wọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Gbé wa síbẹ̀."

A jó, a sì jó dáadáa. Mo mọ̀ bí ara mi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Orúnkún mi gan-an gbàgbé pé òun dàgbà. Idelisa ń rìn níwájú mi bí omi, mi ò fà á, mi ò tì í. Àwọn àgbàlagbà kan tó jókòó lẹ́yìn dìde dúró. Ìgbà náà ni wọ́n wá ń ka èrò àwọn adájọ́ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kàn wá.

"Ẹsẹ̀ wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ijó náà kò jọ ti Cuba tó. A gbà wọ́n níyànjú kí wọ́n gbìyànjú ọ̀wọ́ son lọ́dún tó ń bọ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Idelisa ò wo ẹni tó ń kà á. Dariel ló ń wò, tó jókòó láàárín àwọn adájọ́.

Ìsàlẹ̀ ilé Idelisa ni ìyá Dariel ń gbé. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ẹsẹ̀ Idelisa, tìyẹn á sì máa gbé e jó yí pálọ̀ ká. Òun ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó fi di ẹni tí wọ́n pè lọ sí Ítálì láti lọ máa kọ́ni níjó. Dariel sáré bá wa nínú àgbàlá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Idelisa gbé ọwọ́ sókè.

"Ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Tíṣà, àwa adájọ́ lápapọ̀ la—"

"Dariel."

"Èmi ni." Ó wo bàtà rẹ̀. "Wọ́n ní òfin tí wọ́n fi ń díwọ̀n, Tíṣà. Kí ọkùnrin yí obìnrin lọ́pọ̀lọpọ̀, kí wọ́n gbọn àyà, kí wọ́n bu rumba díẹ̀ sí i. Tí mi ò bá tẹ̀ lé e, wọn ò ní pè mí mọ́."

"Ní Ítálì lọ́hùn-ún, kí lo ń pè é fún wọn?"

"Salsa cubana."

"O ò sọ fún wọn rí?"

"Mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí mo sọ fún kó lọ sọ́dọ̀ tíṣà tó wà lódìkejì títì. Mo bá fi orúkọ casino sórí èyí tó ṣe róbótó, pé kí orúkọ náà ṣáà wà níbì kan."

"Àwọn tó ń wá bá mi jiyàn ní Vedado, irú àwọn ọmọ rẹ nìyẹn." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ fún mi. "Ó dáa. Orin ń bọ̀ nínú ilé yẹn. Bá mi jó."

Dariel nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí dáadáa, mo tilẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yí i, ó tún yí i, ó gbọn àyà, ó ju ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

"Má yí mi," Idelisa ní. "Rìn. Ṣáà máa rìn yí mi ká."

Ó gbìyànjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn níbi tó yẹ kó ti lọ síwájú. Ó dúró, ó tún un ṣe, ó tún ṣì í. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń ka ìlù. Mi ò rí i kó ka ìlù rí, kódà nígbà tí kò tíì ga ju tábìlì lọ.

"Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀, Tíṣà."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Orin náà parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tíì bá a.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Mo rò pé mo kàn ń pè é lórúkọ mìíràn ni. Tíṣà, mo rò pé ohun náà gan-an ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Idelisa fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní kó padà sínú ilé, wọ́n ń wá a. Lójú ọ̀nà, mo fẹ́ sọ pé ijó náà ṣì wà lára àwa méjì, ṣùgbọ́n mo ronú kan ọjọ́ orí wa, mo sì dá àpamọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un.

Owó ìfẹ̀yìntì Idelisa ò tó ra òróró, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Vedado. Kò dá ijó dúró mọ́. Tí wọ́n bá ní son ni, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ní kó fi àyà gbígbọ̀n kún un, á gbọn díẹ̀. Yusniel ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ara àǹtí òun ti balẹ̀, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú kíṣìnnì rẹ̀, à ń bó malanga, irú kókò tiwa. Fóònù dún. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ni, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Idelisa ní. "Èmi ni tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni, salsa cubana. Ẹ wọ bàtà tó rọ̀."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó mú ọ̀bẹ. Mo tẹjú mọ́ malanga ọwọ́ mi.

"Wọ́n fẹ́ rí ọkùnrin àti obìnrin tó ń jó pọ̀," ó ní. "Ṣé wàá wá lọ́jọ́ Ajé?"

Mi ò fẹ́ jó o lábẹ́ orúkọ yẹn, mo bá ní orúnkún ń dùn mí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dìde, ó sì da omi sínú ìkòkò.