Ẹni Tó Lè Dáhùn Nìkan

Ìjàngbọ̀n ni wọ́n ń pè mí, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mo ń ṣe, ìwé mẹ́fà ni mo kà kí ìwé fúnra rẹ̀ tó bẹ̀ mí pé kí n máa lọ. Irọ́ tí mo pa nínú gúrúùpù ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n á rì wọlẹ̀ tá á yọ ní òdìkejì ayé.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló dá gúrúùpù náà sílẹ̀ lórí ayélujára fún àwọn tó fẹ́ràn bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n á gba ohùn ará ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́, àwọn yòókù á máa béèrè ìbéèrè. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá wà níbẹ̀, àgbàsílẹ̀ mọ́kàndínlógún. Aránṣọ ni. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì etí òkun tí wọ́n fi tọ́ ọ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rán ọrùn ẹ̀wù, ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo lábẹ́ ọ̀rọ̀. Láràárọ̀, àlejò kan nínú gúrúùpù á béèrè nípa rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn, á wá jẹun. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, kì í jẹun.

Èmi wá sọ ohùn mi di tíńtín, mo gbà á sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Mo di ìyá arúgbó kan láti erékùṣù tí Ọlọ́run ò tíì dá. Ọ̀mọ̀wé mẹ́rin jiyàn lórí mi títí irùngbọ̀n wọn fi fẹ́ẹ̀ gbiná. Nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bá màmá sọ̀rọ̀, mo ní màmá ti kú. Wọ́n wá erékùṣù náà, wọn ò rí i.

Nọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀gbọ́n mi darí gúrúùpù kọ̀wé pé, “Ẹ jẹ́ ká pààlà sí ohun tá a ó máa gbà. Ẹni tó wà láàyè, tó lè dáhùn tá a bá bi í, òun nìkan. Ká pa èyí tó kù rẹ́.” Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n má bàa fura.

Lọ́sàn-án, mo gbé ẹ̀rín mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Jókòó. Mo ti pa mẹ́rìnlá rẹ́.”

“Mẹ́rìnlá kí ni, ẹ̀gbọ́n?”

“Ti ìyàwó mi. Kò lè dáhùn mọ́.”

Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. “Ẹ̀yin lẹ ni gúrúùpù. Ẹ yọ ti ìyàwó yín sílẹ̀.”

“Tíṣà tó ń bu máàkì fún ọmọ ara rẹ̀, tíṣà wo nìyẹn?”

“Ṣebí ó ṣì wà lórí fóònù yín?”

“Ó wà. Ta ló máa wá bi mí nípa rẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni ìyá arúgbó yẹn.”

“Mo mọ̀. Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ? Mo rò pé wàá jẹ́wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni.” Ó tẹ fóònù. Ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún gúrúùpù níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì dáhùn pé nítorí irú mi gan-an ni òfin náà ṣe gbọ́dọ̀ dúró, ó sì yọ mí kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi pa mẹ́rin tó kù rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a níwájú oúnjẹ tó ti tutù.

“Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ìyàwó yín ṣe ní wọ́n ń rán ọrùn ẹ̀wù?”

“Ìwọ ti mọ̀ ọ́n,” ó ní, ó sì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.