Àgò Irin Orí Dẹ́rẹ́bà

"Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i," Dẹ́rẹ́bà wí. Ó ṣì jókòó sínú pikọ́ọ̀pù náà, bẹ́líìtì so ó mọ́ àga bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, akoto rẹ̀ wà lórí itan.

Ọkọ rẹ̀ gun orí táyà iwájú, ó fi gbogbo ara mi ọkọ̀ náà. Sípíríìngì tuntun rọ̀ wálẹ̀, ó sì gbé e padà sókè. Ohun kan dún lókè orí ìyàwó rẹ̀, kín-ín, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ṣíbí kan etí ife.

"O gbọ́ ọ?"

"Àga ni."

"Àga wà lábẹ́ ìdí mi. Òkè ni eléyìí ti dún."

"Ó lè jẹ́ bẹ́líìtì."

"Àbúrò, mo ti ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé láti ìgbà tí irun ti wà lórí rẹ. Mo mọ bí bẹ́líìtì ṣe ń dún."

Kì í ṣe àbúrò rẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wá ń wọlé wọn lójoojúmọ́ nítorí ọkọ̀ yìí, orúkọ náà ran ìyàwó, ó ran àwọn aládùúgbò, ó sì bá ọkùnrin náà dé ilé iṣẹ́ ìgò tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní ti ìyàwó, Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ayé ń pè é, òun náà ló sì máa wa pikọ́ọ̀pù yìí nínú ìdíje eré ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Pikọ́ọ̀pù oko tó ti darúgbó ni wọ́n rà. Wọ́n tì í wọ gáréèjì ilé wọn, mọ́tò tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ sì di ẹni tó ń sùn síta. Wọ́n gé òrùlé rẹ̀ kúrò, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, wọ́n sì fi páìpù kan àgò irin yí ìjókòó ká. Ìdíje náà kì í ṣe ti ojo. Inú iyanrìn ni, orí òkúta ni, ọkọ̀ a máa fò, ó sì lè fi orí sọlẹ̀ nígbà mìíràn. Bó bá fi orí sọlẹ̀, àgò irin yẹn nìkan ló wà láàárín orí ẹni tó ń wà á àti ilẹ̀.

Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n Àbúrò, ló jó àgò náà pọ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ló fi tọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ojú ìjórin rẹ̀ a tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, kò sì jẹ́ fi ẹ̀rọ fáìlì ha á kó lè dán. Bó bá rí ọmọ iṣẹ́ tó gbé fáìlì, tí iná ń ta sókè sódò, yóò dúró tì í, yóò sì béèrè pé, "Kí lò ń pamọ́?"

Àbúrò gbé tọ́ọ̀ṣì, ó gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì tan iná sí oríkèé tó wà lókè orí ìyàwó rẹ̀. Kò rí ìpẹ́ ẹja níbẹ̀. Ibẹ̀ dán bí ikùn ṣíbí. Ó fi ìṣó ha á díẹ̀. Ìlà kan yọ, ó tín-ín-rín bí irun orí, láàárín páìpù méjèèjì. Bùrọ̀dá ti da iná rẹ̀ dáadáa, ó ti tò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tó yẹ kó gbà ló gbà. Àwọn páìpù náà kàn fara ti ara wọn ni.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì yíká. Ó rí ibi mìíràn tó dán. Ó tún rí òmíràn. Ó paná.

"Kí lo rí?"

"Màá fún bóòtù àga le sí i."

Dẹ́rẹ́bà tú bẹ́líìtì. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi ìka wá ibẹ̀ títí ó fi kàn án.

"Ó ń dán," ó wí. "Láti ìgbà wo ni Bùrọ̀dá ti ń fi fáìlì kan iṣẹ́ wọn?"

Àbúrò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì gbé tọ́ọ̀ṣì padà síbi tó ti mú un.

Nínú ilé ìdáná ni wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Dẹ́rẹ́bà ń fọ abọ́, ọkọ rẹ̀ ń nù ún, ó sì ń nu èyí tó ti gbẹ.

"Bùrọ̀dá pa mọ́tò wọn tì," Dẹ́rẹ́bà wí. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ rírìn ń ṣe ara àwọn lóore. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, wọ́n sì mu òfìfo ife. Mo rò pé àpárá ni wọ́n ń dá, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Màá gé oríkèé náà nígbà tí wọn ò bá sí níbí. Màá tún un jó."

"Wọn ò ní mọ̀?"

"Màá fi fáìlì dán an."

Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kí ìwọ náà lè máa pa nǹkan mọ́."

"Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo kọ́kọ́ jó irin. Ṣé kí n wá wí fún wọn pé ọwọ́ yẹn ti lọ?"

"Ọwọ́ kò lọ. Ojú ni." Ó gba abọ́ kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nù ún lu. "Orí mi ló máa wà lábẹ́ àgò yẹn, Àbúrò. Bí o ò bá lè sọ ọ́, èmi á sọ ọ́."

"Ìyàwó ilé ò lè—"

"Má parí ìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Dẹ́rẹ́bà ti já àwọn ọmọ iléèwé sílẹ̀ tán, Bùrọ̀dá fẹsẹ̀ rìn wọ gáréèjì pẹ̀lú garawa ọ̀dà kan lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ yín ṣì wà ní ìhòòhò," ó wí. "Ojú ò tì yín?"

"Ẹ káàbọ̀, Bùrọ̀dá."

"Ẹ jẹ́ ká kùn ún lónìí kó lè gbẹ. Kí la tún ń dúró dè?"

Àbúrò sọ̀rọ̀ táyà. Ó sọ̀rọ̀ epo bíréèkì. Ó sọ bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìgò ṣe fún un láyè lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ tó ti sọ tẹ́lẹ̀. Bùrọ̀dá ń wá ibi tí yóò ti ṣí ọ̀dà náà, ó ń fi àtàńpàkò tọ etí ìdérí rẹ̀ yíká.

Dẹ́rẹ́bà wọ inú ọkọ̀, ó dé akoto, ó de bẹ́líìtì.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó."

"Ṣé a ti ń lọ ni?"

"Ohun kan ń dún lókè orí mi, sà. Àbúrò ní àga ni."

Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ wá ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ wá àga kejì, ó jókòó.

"Àga kọ́," ó wí.

Ó gbé ọwọ́ sókè láìwá ibì kankan, àtàńpàkò rẹ̀ sì bọ́ sórí oríkèé náà gan-an.

"Ibí ni?"

"Ibẹ̀ ni, sà."

"Lọ́jọ́ tí mo jó o, ìlà méjì ni mo rí. Mo mú ọ̀kan." Kò gbé àtàńpàkò kúrò. "Mo ní bí a bá kùn ún, ó lè gbà bẹ́ẹ̀."

Àbúrò tẹ̀ ba, ó ń wá sípánà tí kò sọnù.

"Ṣé òun nìkan ni, Bùrọ̀dá?" Dẹ́rẹ́bà bi í. Ohùn tó fi ń bi ọmọ iléèwé pé ṣé ó ti de bẹ́líìtì ló fi béèrè, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Àbúrò, fún mi ní ṣọ́ọ̀kì."

Bùrọ̀dá bọ́ sílẹ̀, ó sì di ojú. Ó ń fi àtàńpàkò tọ páìpù kọ̀ọ̀kan, níbi tó bá sì dúró, yóò fa ìlà funfun sí i. Ó dé gbogbo ibi tí Àbúrò ti fi tọ́ọ̀ṣì rí. Kò dúró níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó fa ìlà síbẹ̀ náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Nígbà tó ṣe tán, ọkọ̀ náà rí bí ohun tí àwọn ọmọdé kọ nǹkan sí lára.

"Sátidé ńkọ́?" Àbúrò bi ìyàwó rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà bọ́ akoto. "Wọ́n á sá eré wọn. Ìdíje mìíràn ń bọ̀." Ó gbé fóònù, ó jáde lọ pe àwọn tó ń ṣètò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá níta, àfi pé ó pẹ́ lórí ìlà díẹ̀ lẹ́yìn tó ti dágbére. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Bùrọ̀dá, ní Sátidé, mo máa gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

"Nínú bọ́ọ̀sì yẹn? Kí n jókòó sórí àga àwọn ọmọ ẹ̀ka kékeré?"

"Ẹ máa de bẹ́líìtì, sà."

Bùrọ̀dá já ìbòjú tó fi ń jó irin kúrò lórí ìṣó. Ó gbé e kọ́ àbúrò rẹ̀ lórí, ó ń tú okùn ẹ̀yìn rẹ̀.

"Orí rẹ tóbi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wí i." Ó jókòó sórí garawa ọ̀dà. "Gé e. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà lókè orí ìyàwó rẹ."

Àbúrò gé oríkèé náà, ó to páìpù padà, ó sì jó o. Ojú ìjórin rẹ̀ kò dà bí ìpẹ́ ẹja. Ó wú níbì kan, ó rù níbòmíràn, bí ipa ìgbín lórí ògiri. Ó bọ́ ìbòjú, ó wò ó, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀rọ fáìlì.

"Gbé e sílẹ̀," Bùrọ̀dá wí.

Ó dìde, ó dúró títí irin fi tutù, ó fi àtàńpàkò tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà.

"Kò dáa lójú, Bùrọ̀dá."

"Ó bọ́ sójú ibi tó yẹ. Má dán an. Jẹ́ kí wọ́n rí i." Ó fi ọwọ́ nu ìlà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. "Ó kan tìsàlẹ̀."