Abẹ́rẹ́ Ojú fún Ẹ̀gbọ́n Lékan

Lékan, àfẹ́sọ́nà mi, ló ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ojú ní ilé ìwòsàn kan ní Oregbeni, ní Benin, kí ìgbéyàwó wa tó dé, torí mo dàgbà jù ú lọ díẹ̀. Mo ní ìfẹ́ ló fi ń kẹ́ mi.

Nọ́ọ̀sì gbé jígí fún mi. Ó ní, "Abẹ́rẹ́ méjì la ní. Bótọ́ọ̀sì máa ń dẹ iṣan iwájú orí, kó má hunjọ mọ́. Fílà máa ń kún ibi tó jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ojú ẹsẹ̀ ló ń hàn."

"Èwo ló yẹ mí?"

"Bótọ́ọ̀sì, Àǹtí. Fílà ni ìyàwó Lékan gbà níjọ́sí. Háà, ó fẹ́ràn obìnrin yẹn! Ó di ọwọ́ ẹ̀ mú títí mo fi gún un tán."

"Ta ni Lékan ní mo jẹ́ sí òun?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ó ní kí n tọ́jú ẹ̀gbọ́n òun dáadáa."

Mo dá jígí padà, mo sì pe Lékan lórí fóònù níbẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi," ohùn rẹ̀ dùn bí ti àtẹ̀yìnwá.

"Àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Bá mi kí ìyàwó ẹ."