Ta Ló Gbẹ́ Oníbúrẹ́dì?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára olùkọ́, ẹ mú bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin àti ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan náà.

Ọlidé gígùn ni. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní Ìlaròó ń sinmi nínú ilé wọn, wọ́n ń jẹ àgbàdo. Èmi Túnbọ̀sún ni mo fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Ọmọ mi, Kíkẹ́lọmọ, fẹ́ lọ wo sinimá ní Èkó, nítorí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti lọ. Bàbá mi kò fẹ́ lọ síbì kankan. Èmi ni mo fẹ́ kí á lọ, nítorí ère kan tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ní Ìkòyí.

Nínú oṣù Keje ni ẹnìkan fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, láti ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó wà ní ọlidé. Igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, ojú obìnrin kan tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò tíì rín in, pẹ̀lú igbá búrẹ́dì gígùn lórí, irú búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé wọ Ìlárá láti Kétu láràárọ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlárá ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Èérún igi rẹ̀ ni ìyá mi fi ń dáná. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “A kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ.” Inú bí mi. Bàbá mi ni ẹni tí wọn kò mọ̀ náà, ó wà ní Ìlárá, ó ń jẹ ẹ̀bà, ó ń bá rédíò jiyàn.

Mo pe obìnrin tó ń bójú tó àfihàn náà, Ọlámipọ̀. Ó ní wọ́n ń kó gbogbo ère náà sínú ìwé ńlá kan. Sátidé ni àfihàn máa parí, Mọ́ńdè ni ìwé máa lọ sílé ìtẹ̀wé. Bí bàbá mi bá wá fúnra rẹ̀, tó wo ère náà, tó sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, orúkọ á wọ ìwé. Bí kò bá wá, “a kò mọ̀” ni yóò máa jẹ́ títí ayé.

Ohun tó dùn mí jù ni pé Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á tí wọn kò fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wá ra igi náà nígbà yẹn ní ìwé lọ́wọ́, ó sì bi í ní orúkọ. Bàbá ní, “Kọ ọ́ pé ọmọ agbẹ́gi Ìlárá.” Ṣé orúkọ nìyẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó kàn sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Bí mo bá ti débẹ̀, á bi mí pé ṣé òjò rọ̀ ní Ìlaròó.

Ní Sátidé náà, aago mẹ́jọ la kúrò nílé dípò mẹ́fà. Bàbá, tó ti gbà níkẹyìn láti bá wa lọ, ní fìlà tí òun gbé wá láti Ìlárá kọ́ ni èyí tí òun fẹ́ dé wọ Èkó. Husain tó ń wa ọkọ̀ ti fun fèrè títí ó ti sú u. A kọjá Ọ̀wọdé díẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà dá wa dúró. Ọ̀gá wọn bẹjú wo inú ọkọ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ káàárọ̀ o.”

Bàbá mi, tó ti ń sọ Yorùbá kí wọ́n tó bí ọkùnrin yìí, rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, “Bọ́ńjúù, sẹ́ẹ̀fù!”

Mo fọwọ́ bo ojú. Oko Bàbá wà ní òdìkejì ààlà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń fi Faransé kí àwọn ṣọ́jà ibẹ̀ láràárọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ yunifọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà, bọ́ńjúù ló tọ́ sí i.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni bàbá yìí?”

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. A lò ju wákàtí kan lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Bàbá ní orúkọ, ó yọ káàdì ìdìbò, ó dúró ṣánṣán, ó ní, “Adédọ̀tun Ọmọ́délé, ará Ìlárá.” Orúkọ tó ń pín bí ẹ̀pà fún àwọn tó dá a dúró, òun ló ń fi pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ yẹ́ ẹ sí!

“Mọ́mì, ṣé a ṣì máa bá sinimá?”

“Kíkẹ́lọmọ, bí o bá tún dárúkọ sinimá, ẹsẹ̀ lo máa fi rìn padà sí Ìlaròó.”

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ló jẹ ìyókù ọjọ́ wa, aago mẹ́ta ààbọ̀ la dé Ìkòyí. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Ṣé Bàbá á yára? Ó ń dúró níwájú ère kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún Kíkẹ́lọmọ pé ẹni tó gbẹ́ èyí kò pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, ẹni tó gbẹ́ tọ̀hún ń kánjú lọ jẹun. Ọwọ́ ni mo fi fà á dé iwájú oníbúrẹ́dì.

Ọlámipọ̀ kúnlẹ̀ kí i. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbẹ́ èyí?”

Bàbá ṣí fìlà. Aago ń lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí!”

“Igbá búrẹ́dì yẹn, èmi ni,” ló wí. “Èmi náà ni mo gé igi, tí mo là á. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó bá la ojú ère ló ni ère. Ìbítóyè ló la ojú yìí.”

Àbúrò rẹ̀ ni Ìbítóyè. Ó kú nígbà tí mo wà ní kékeré, kò láya, kò bímọ. Òun ló máa ń gbé mi jókòó sórí ìtì igi tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, ojú sì tì mí.

“Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni oníwèé yẹn dé,” Bàbá ní. “Ó ní kí n sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ti Ìbítóyè kò jáde lẹ́nu mi. Tèmi kì í ṣe òótọ́.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi nílé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Bàbá!”

“O ò bi mí. Ńṣe lò ń sọ fún mi.”

Ọlámipọ̀ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Bàbá mirí. “Mo ní ìwọ, mo ní Kíkẹ́lọmọ. Bí mo bá lọ, ẹnìkan á máa jẹ́ ọmọ Adédọ̀tun. Ta ló ń jẹ́ ọmọ Ìbítóyè?”

Ọlámipọ̀ fún mi ní ìwé àti bírò pé kí n kọ orúkọ náà dáadáa, kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ sódì. Ẹ má rò pé ìbínú mi ti tán. Bàbá kò mọ̀wé kà. Orúkọ tó bá wù mí ni mo lè kọ síbẹ̀, ti bàbá mi ló sì wù mí. Mo di bírò náà mú títí ọwọ́ mi fi làágùn nínú òtútù ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́: Ìbítóyè Ọmọ́délé, Ìlárá.

“Kà á sí mi létí,” Bàbá ní.

Mo kà á, bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ ní kíláàsì. “Ìbítóyè Ọmọ́délé.”

Bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, na ọwọ́ sókè níbi tó dúró sí, ó sì bá àbúrò rẹ̀ jẹ́ ìpè náà.