Wáyà Tí Wọ́n Fi Kó Irun Màmá Mi

Ṣadé, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná. Èmi àti màmá mi lọ sọ́síbítù. Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn, bóyá wọ́n máa di onígbàgbé tó bá yá. Dókítà ń lẹ wáyà mọ́ wọn lórí, àfi bí mo ṣe rí i pé irun ló ń kó fún wọn, wáyà ló fi ṣe òwú! Màmá ní, "Rọra o, ó ń ta mí."

Ẹ̀rọ tẹ ìwé jáde. Dókítà wò ó, ó ní, "Ọpọlọ màmá le koko. Ẹni tó jókòó tì wọ́n yìí ló máa gbàgbé."

"Èmi kẹ̀? Ẹ ò tíì fi wáyà kàn mí!"

Màmá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, dókítà. Bó ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn."

Ni mo bá fẹkún jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ o, àmọ́ àyà mi ń já. Mo pè wọ́n lórí fóònù kí n tó fọ ẹnu.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ rántí mi?"

Màmá ní, "Èmi rántí ẹ. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá o rántí mi, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o pè mí gbẹ̀yìn."