Ẹnu Gàzálì, Ẹ̀jẹ̀ Rìlwánù

"Ọkọ mi kékeré, àlejò dé. Ẹ bá mi gbé àga jáde."

Límátù ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí ẹní, nínú aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú. Rìlwánù ti rí àlejò náà kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó wo ẹ̀yìn ilé, ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò síbi tí èèyàn lè sá gbà. Ó gbé àga.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló pé tí wọ́n sin Gàzálì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ Límátù. Rọpá-rọsẹ̀ ló mú un ní páàkì Ọ̀rẹ̀, lórí ìjókòó dírẹ́bà, nígbà tí ọkọ̀ ti kún tó ku kó gbéra. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ẹni tó wá kí wọn ló ń mirí: "Ẹni tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára!" Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Rìlwánù á sorí kọ́, á máa wo ilẹ̀.

Òun nìkan ló kù láyé tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ Gàzálì wò rí.

Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan dé sí Odigbó, àwọn tó ń náwó sí i wà lókè òkun. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ àti ohun tí oúnjẹ náà ń fi ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe, kí àrùn ọkàn àti rọpá-rọsẹ̀ má baà máa pa wọ́n lójijì mọ́. Ẹnì kan ni wọ́n ń mú nínú ilé kan. Nínú ilé tiwọn, Gàzálì ni. Orí máa ń fọ́ ọ, ó sì máa ń mí hẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, nítorí náà Límátù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ẹnu lásán ló fi gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó lọ, ó pe Rìlwánù sẹ́yìn ilé.

"Gba káàdì yìí. Lọ bá mi na apá sí wọn l'Ódigbó."

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ ni o."

"Ìwọ tí ò ń fi irin ṣí táyà tírélà, abẹ́rẹ́ ló fẹ́ lé ọ wọ igbó?" Gàzálì rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa mọ̀? Ojú kan náà ni ìyá wa fún wa, tèmi kàn lẹ́ran díẹ̀ ni. Àbí bí mo bá pàdánù tọ́ọ̀nù mi láti kó èrò ní páàkì, ìwọ ni wàá bá mi wa mọ́tò?"

Rìlwánù ò lè sọ pé rárá. Gàzálì ló tọ́ ọ látìgbà tí bàbá wọn ti kú sóko l'Ómifunfun. Òun ló ra ẹ̀rọ tí Rìlwánù fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà lẹ́bàá ọ̀nà títí dòní. Ó lọ. Bó ṣe rí abẹ́rẹ́, ó fẹ́ dìde lórí àga. Ìdáraolúwa, ọmọbìnrin oníwàádìí, fún un lómi, ó ní kó máa wo ojú fèrèsé. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í pé kí ló máa ń jẹ.

Ibẹ̀ ni Rìlwánù ti rò pé òun ń ṣòótọ́. Orúkọ Gàzálì ló wà lórí káàdì, oúnjẹ Gàzálì ló yẹ kóun sọ. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn iyọ̀ láti kékeré. Púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja tútù ti tó o. Ṣùgbọ́n ó ka ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: iyọ̀ tó máa ń wọ́n sọ́bẹ̀ kó tó tọ́ ọ wò, màgí, ẹran díndín, ìrẹsì páàkì tí òróró ń kán lára rẹ̀.

Nígbà tí èsì dé, ẹnu ya Ìdáraolúwa. "Bọ̀dá Gàzálì, pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ yìí? Ẹ̀jẹ̀ yín dà bíi ti ọ̀dọ́!" Ó kọ ọ́ sórí káàdì: Ó dára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Rìlwánù lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́.

Ṣáájú ìgbà náà, Límátù ti ń dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, wọ́n sì ń jà sí i. Lọ́jọ́ tí Gàzálì ju káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní kó má bínú, ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ lójú rẹ̀. Rìlwánù wà níbẹ̀, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó la ẹnu. Gàzálì wò ó. Rìlwánù fi òkèlè dí ẹnu náà.

Àlejò tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Ìdáraolúwa fúnra rẹ̀, kúnlẹ̀ kí Límátù. Bó ṣe gbójú sókè tó rí ẹni tó gbé àga dání, inú rẹ̀ dùn.

"Bọ̀dá Gàzálì! Ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá. Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ mọ ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ yín. Wọ́n ní kí n wá wo ilé ìdáná yín."

"Ta lẹ pè?" Límátù bi í.

"Bọ̀dá Gàzálì ni, mà. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ máa ń bà wọ́n bí ọmọdé."

Límátù dìde. Ó wọlé, ó mú káàdì náà jáde. "Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni, mà."

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Límátù ti wà nílé ọkọ. Kò fẹnu kan orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà.

"Rìlwánù."

Ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló pe òun.

"Rìlwánù, ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

Límátù kò pariwo. Ó fi káàdì náà sórí àga tó wà láàárín wọn, ó wọlé. Ojú Ìdáraolúwa ti yí padà. Ó rí ẹní tí wọ́n tẹ́ síta, ó rí àwọn àga àlejò tí wọn ò tíì kó wọlé. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ta ni mo gbà?"

"Tèmi ni. Rìlwánù ni mí."

Rìlwánù dúró. Ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá Límátù á pè é láti inú ilé, "Ọkọ mi kékeré," bó ṣe máa ń pè é, pé kó gbé àga wọlé. Kò pè é.