Ẹnu Òkú Tí Mo Nù

Seidou ọmọ mi kú ní oṣù keje, nígbà tí koríko bo gbogbo oko. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ bó, lẹ́yìn náà kò lè mí dáadáa mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀. Memounatou ìyá rẹ̀ ní kádàrá ni. Èmi náà ní kádàrá ni.

Aránṣọ ni mí ní Bantè. Mi ò lè ránṣọ mọ́. Mo ń kírun, mo ń gbààwẹ̀, mo ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé. Kò dáhùn. Mo lọ bá Lèmọ́ọ̀mù.

"Ẹ fún mi ní iṣẹ́ tí màá fi sún mọ́ Ọlọ́run."

Ó wò mí. "Idrissou, méjì péré ló kù nínú àwọn tó ń wẹ òkú. Wá di ẹ̀kẹta. Òkú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀ẹ́ mọwọ́ ara yín."

A máa ń fi aṣọ tútù nu ẹnu òkú, eyín àti ètè, kí a tó da omi sí i lára. Èmi ni wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún, nítorí ọwọ́ aránṣọ kì í wúwo. Ọkàn mi rọ̀ díẹ̀. Mo rò pé ohun tí mò ń wá nìyẹn.

Ní ọdún kejì, wọ́n gbé ọkùnrin kan wá láti Lougba. Mo la ẹnu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti bó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Seidou rí.

Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Kí ló mu?"

"Omi ni, baba. Ó ń fín oògùn sí koríko, òùngbẹ gbẹ ẹ́. Kí lẹ fẹ́ kó mu?"

"Inú kí lomi náà wà?"

"Inú kẹ́ẹ̀gì."

Gbogbo wa la ń ṣe é. Bí oògùn apakoríko bá tán, a ó fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, a ó sá a sóòrùn, a ó rọ omi oko sínú rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ kì í jò. Èyí tí Seidou gbé lọ sóko, èmi ni mo fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Memounatou kò mọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbé irú kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí Savalou, sọ́dọ̀ Léonie, nọ́ọ̀sì kan tí mo máa ń ránṣọ fún tẹ́lẹ̀. Ó ka Faransé tó wà lára rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi rọ omi.

"Baba, ọṣẹ ò ràn án. Ike yẹn ti mu oògùn yó."

"Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́?"

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mo jáde.

Abdel-Aziz ọ̀rẹ́ mi ló ń ta òfìfo kẹ́ẹ̀gì náà lọ́jà. Mo ní kó dáwọ́ dúró. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé òkú ló rán ọ sí mi? Ká padà sí kèrègbè, kí tanwíjí máa wẹ̀ nínú omi wa?"

"Ó ń pa èèyàn."

"Dárúkọ ẹnì kan tó pa, Idrissou. Ẹnì kan péré."

Mo ní orúkọ kan. Bí mo bá pè é, Memounatou á gbọ́. Ogójì ọdún la ti jọ wà. Seidou nìkan ló bí. Mo lọ sílé. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n gbé ọmọ ogún ọdún kan wá láti oko. Mo nu ẹnu rẹ̀. Ahọ́n tirẹ̀ náà ti bó. Mo wá mọ̀ pé Ọlọ́run ti ń dá mi lóhùn tipẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo dìde ní mọ́ṣáláṣí. Memounatou wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwọn obìnrin.

"Seidou wà lára àwọn tí kẹ́ẹ̀gì oògùn pa," ni mo wí. "Èmi bàbá rẹ̀ ni mo fọ kẹ́ẹ̀gì oògùn, tí mo rọ omi sí i fún un. Ẹ gún gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn nídìí, kí ẹnikẹ́ni má fi rọ omi mọ́."

Abdel-Aziz wolẹ̀.

Nílé, Memounatou jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí wọ́n gbé ará Lougba wá."

"Oṣù méjì. Ẹ sì ń jẹ oúnjẹ mi."

"Mò ń jẹ ẹ́."

"Baba Seidou, mi ò bínú pé ẹ fọ̀ ọ́. Èmi náà ì bá fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pe kádàrá lójú yín, ẹ sì ń ṣe àmín."

Ó di ẹrù. Mo bá a gbé e dé ìdí alùpùpù. Ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Tchetti. Kò tíì padà.

Abdel-Aziz fi irin gbígbóná gún gbogbo kẹ́ẹ̀gì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tà á láwọn ọjà mìíràn, nítorí náà mò ń lọ síbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn kan ń gún tiwọn. Àwọn kan ní orí mi ti dàrú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá pàápàá, sísọ rẹ̀ kò tíì rọrùn.

Ní Gouka, obìnrin kan tẹ́tí sí mi títí mo fi parí.

"Ìyá ọmọ náà ńkọ́, baba? Ṣé ó wà?"

"Ó wà ní Tchetti."

"Ẹ bá mi kí i."

"Á gbọ́," ni mo wí.